Ife Kẹta Láti Ọwọ́ Selekha

Bí inú bá ń bí mi, ife ni mo máa ń fọ̀. Gbogbo ilé wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo fọ gbogbo ife tó wà nílé, mo tò wọ́n sínú oòrùn, mo tún kó wọn wọlé, mo tún wọn fọ̀, títí ọkọ mi fi ní, "Tíṣà, àwọn ife wọ̀nyí kò ṣẹ̀ ọ́ o." Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ó fi mí sílẹ̀.

Ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú wa, Lemseyle, ni mo ń lọ. Èmi Selekha mint Boilil, tíṣà ni mí, mo sì ti di kánsẹ́lọ̀ láti ìgbà tí wọ́n dìbò kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ọjà tuntun ni a fẹ́ yanjú. Ọjà náà ti parí, ó ní òrùlé páànù, ó ní ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, omi ẹ̀rọ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìlú ló ni í. Àbá tí mo gbé wá kò le rárá: kí ìdajì ìsọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ń tajà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí títì, ìyẹn àwọn ará Shelkha.

Shelkha ni àdúgbò tiwa, ní ìsàlẹ̀ ìlú, níbi tí iyanrìn ti ń wọlé bá èèyàn lórí àkéte. Àwọn bàbá àwọn ará òkè ìlú ló ni àwọn bàbá wa lẹ́rú. Òfin ti dá wa sílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n bí o bá wọ ọ́fíìsì kan ní Lemseyle tí o rí ọ̀kan nínú wa, ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí ìkòkò tíì.

Ìyá mi, Oum Elkheir, wà lára àwọn tó ń tajà létí títì. Kúsíkúsì, oúnjẹ oníhóró wẹ́wẹ́, ló ń tà, lábẹ́ aṣọ kan tí ó so mọ́ igi méjì. Nígbà òjò tó kọjá, ọlọ́pàá ìlú dé, ó ní wọ́n ń dí ojú ọ̀nà, ó sì fi bàtà ta igbá rẹ̀ nù. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa kúsíkúsì nínú iyanrìn, bí ẹni pé a lè yọ wọ́n kúrò nínú ara wọn. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọjà ti di ẹran ara mi.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti gbé àbá náà síwájú ìgbìmọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sá fún un. Wọn kì í sọ pé àwọn kò fẹ́. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀? Ìbò Shelkha ló gbé wọn wọlé, gbọ̀ngàn ìpàdé sì ní fèrèsé ńláńlá tí àwọn aráàlú máa ń rọ̀ mọ́ láti máa wo wa. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ òun lókè lòdì sí wa. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé, bí ọ̀rọ̀ ọjà bá ti kàn, fóònù ẹnì kan á dún, á ní ara ọmọ òun kò yá. Ẹlòmíràn á rántí pé òun kò ní àlùwàlá. Ẹlòmíràn á ní ràkúnmí òun ti já. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, a ò ní pé ìdajì mọ́ nínú gbọ̀ngàn, òfin sì sọ pé bí ìgbìmọ̀ kò bá pé ìdajì, kò lè pinnu ohunkóhun. Alága á bọ́ awò ojú rẹ̀, á ní, "Ó di ìgbà mìíràn, bí Ọlọ́run bá fẹ́."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ìgbà mìíràn. Hakem, aláṣẹ tí ìjọba rán sí ìlú wa, ti sọ pé bí ìgbìmọ̀ kò bá pinnu lọ́jọ́ yẹn, òun á pín kọ́kọ́rọ́ ọjà fúnra òun lọ́jọ́ kejì, fún àwọn tó bá ti ní ìwé oníṣòwò. Ta ló ní ìwé oníṣòwò ní Lemseyle? Isselmou ould Neji àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀.

Isselmou náà kánsẹ́lọ̀ ni. Òun ni olórí àwọn tí ràkúnmí wọn máa ń já. Ó tóbi, ó máa ń rẹ́rìn-ín, agbádá aláwọ̀ sánmà rẹ̀ máa ń le bíi pátákó, tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá, wàá gbọ́ ariwo rẹ̀. Ilé bàbá rẹ̀ ni ìyá mi ti po tíì láti kékeré títí irun rẹ̀ fi funfun. Ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún ìyá mi kò ní ìlà kankan mọ́. Wọ́n ń dán bíi awọ bàtà. Irin ìkòkò tíì ló jó wọn bẹ́ẹ̀, nítorí wọn kì í dúró kí ó wá àkísà kí wọ́n tó ní, "Oum Elkheir, dà á!"

Ìdí nìyí tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe ní ìpàdé àkọ́kọ́ wa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ búra wọlé ni. A jókòó yíká lórí kápẹ́ẹ̀tì, Alága wò yíká, ó sì ti tíréè tíì síwájú mi, láìronú, bí èèyàn ṣe ń ti ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀. Mo wo tíréè náà. Mo ní, "Alága, ọwọ́ mi yìí kò ní po tíì nínú gbọ̀ngàn yìí títí màá fi kú." Ìròyìn náà dé Shelkha kí n tó dé ibẹ̀. Àwọn obìnrin fi ìlù ahọ́n, igbe ayọ̀ tí wọ́n ń fi ahọ́n lù, pàdé mi lójú ọ̀nà. Ìyá mi sunkún, ó sì se ẹran fún mi.

Láti ọjọ́ náà, Mbeirik tó ń ṣọ́ ilé ìlú ló ń po tíì fún wa. Tíì Mbeirik kò mú ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Tíì ìjọba ni, kò ní olúwa rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lè mu ife kan kó dìde. Ṣùgbọ́n tíì tó bá ní olúwa, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá mu ife kìíní tíì ẹlòmíràn ti wọ gbèsè ọ̀wọ̀, kò gbọ́dọ̀ dìde títí yóò fi mu ìkẹta. Ẹni tó bá dìde ti bú onílé. Èyí ni mo ń rò nígbà tí mo ń fọ ife. Isselmou ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Mo mọ̀ pé kò ní lè ṣe kó má gbé tíì tirẹ̀ wá.

Mo sì mọ̀ pé ó gbé e wá, torí kí n tó wọ gbọ̀ngàn ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Tíì òní, tèmi ni o! Láti ìsọ̀ mi! Ṣúgà rẹ̀, tèmi. Ewé míńtì rẹ̀, tèmi. Àní èédú rẹ̀, tèmi ni!"

"Alhaji, kí Ọlọ́run gbà á," ni wọ́n ń wí.

Ó rí mi, ẹ̀rín rẹ̀ fẹ̀ sí i. "Áà, Tíṣà wa dé. Ta ni yóò wá po tíì mi báyìí? Mbeirik ti darúgbó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, á dà á sí mi lágbádá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mbeirik náà rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ rẹ̀ ni.

"Èmi ni," mo wí.

"Kí lo wí?"

"Mo ní èmi ni n óò pò ó fún yín, Alhaji."

Mo gbọ́ bí àwọn tó wà lójú fèrèsé ṣe mí kanlẹ̀.

"Selekha!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ìwọ tí o ní ọwọ́ rẹ kò ní kan tíréè wa títí o fi máa kú! Àbí o ti kú ni?"

"Ẹ ti Mẹ́kà dé, sà. Ṣé mo lè máa bá ẹni tó ti Mẹ́kà dé ṣọ̀tá ni?"

Ká sọ tòótọ́, gbogbo ohun tí mo ń wá kò ju kí ọ̀wọ̀ tíì mú wọn jókòó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, n kò rò ó, n kò sì bẹ̀bẹ̀ fún un. Adùn ló pa Isselmou. Àwọn ọkùnrin ilẹ̀ wa ní àṣà kan: bí wọ́n bá fẹ́ kí àlejò jẹ ẹran sí i, wọ́n á fi ìyàwó búra. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó sùn mọ́jú, wọ́n á fi ìyàwó búra. Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu bí ẹni ń wú ikọ́. Isselmou dìde dúró láàárín wa, ó na ìka sókè.

"Ẹ gbọ́ o! Kí Toutou ìyàwó mi di ẹni ìkọ̀sílẹ̀, ní ìkọ̀sílẹ̀ mẹ́ta, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá jáde kúrò níbí kí ó tó mu ife kẹta láti ọwọ́ Selekha ọmọ Oum Elkheir!"

Wọ́n kígbe ayọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín ni Baba Mahfoudh, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní kéwú, tí òun náà jẹ́ kánsẹ́lọ̀. Ó gbé ojú sókè láti ara tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó wo Isselmou bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan kòtò, ó sì tún wolẹ̀.

Toutou kì í ṣe ìyàwó tí èèyàn ń fi ṣeré. Ilé tí Isselmou ń gbé, ti bàbá Toutou ni. Ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Toutou ni. Mo kúnlẹ̀ sídìí àdògán, mo ń fẹ́ èédú, mo ń gbìyànjú kí ẹnikẹ́ni má rí ojú mi.

Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lójú fèrèsé rí ẹ̀yìn mi bí mo ṣe kúnlẹ̀. Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ní, "Wọ́n ti rà á." Ẹlòmíràn ní, "Èló ni wọ́n rà á?" Mo gbójú sókè. Ìyá mi wà láàárín wọn. Ó wò mí, ó wo ìkòkò tó wà lọ́wọ́ mi, ó fa melahfa, aṣọ ìbora rẹ̀, bo orí, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó sì ń lọ. Mo fẹ́ pariwo pè é. Bí mo bá pariwo, ohun gbogbo á bàjẹ́. Mo gé ṣúgà.

Alága, Dahmane ló ń jẹ́, bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò ní ibi lọ́kàn, kò sì ní ìgboyà lára. Ó ti fi ọ̀rọ̀ ọjà sí ìkẹyìn gbogbo ọ̀rọ̀, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ibi ìpẹran àti ọ̀rọ̀ iná ojú títì. Mo wá rí i pé inú eré ìje ni mo wà. Bí mo bá da ife kẹta kí ọ̀rọ̀ ọjà tó kàn, ìbúra ti tán, ràkúnmí á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo gbọ́dọ̀ fa tíì náà gùn.

Èmi ọmọ Oum Elkheir, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fà á gùn. Mo da tíì láti inú ife kan sínú èkejì, láti òkè, mo tún dà á padà, kí ìfóòfó lè dìde. Tíì tí kò ní ìfóòfó kì í ṣe tíì, ìtìjú ni fún ẹni tó ni ín. Mo dà á, mo dà á. Ọ̀rọ̀ ibi ìpẹran parí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pín ife kìíní.

"Ó le," Isselmou wí, ó fa ètè. "Ó dára gan-an. Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́, ẹ ò rí i? Ọwọ́ ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gún mi dé egungun. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Ife kejì ni ọ̀ràn ti yí. Alága ti ń sọ̀rọ̀ iná ojú títì, ó kù díẹ̀ kó kan ọjà. Mo rí i tí àbúrò Isselmou, kánsẹ́lọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Deddah, tẹ fóònù rẹ̀ lábẹ́ agbádá. Fóònù Isselmou dún, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Isselmou gbé e sétí, ó ní, "Kí ló dé? Ọmọ náà ńkọ́?" Ó ti gbé orúnkún kan sókè láti dìde.

"Isselmou," Baba Mahfoudh pè é, ohùn rẹ̀ kò ga. "Toutou ńkọ́?"

Orúnkún náà dúró sójú kan. Mo wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rín ibẹ̀ tú díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń tú àgọ́. Ó wo ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ìkòkò, ó wá wò mí. Ó ti yé e.

"Ọmọ náà ti sàn," ó wí sínú fóònù, ó sì jókòó.

Ọ̀kan nínú àwọn èèyàn rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé ti dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀. "Jókòó!" Isselmou bú mọ́ ọn. Ọkùnrin náà ní òun fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá. "Mo ní kí o jókòó! Ṣé ìwọ ni wàá fẹ́ Toutou ni?" Àwọn tó wà lójú fèrèsé búsẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà jókòó pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀.

Mo ti rò pé wọ́n wọ páńpẹ́ tán. N kò mọ̀ pé Isselmou kì í ṣe òmùgọ̀. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní òun ní ìbéèrè lórí iná ojú títì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ òpó igi, ó sọ̀rọ̀ òpó irin. Ó sọ ìtàn iná tó rí ní Mẹ́kà. Ó béèrè iye òpó tó wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀wé sì kà wọ́n fún òun. Ó ń wo ojú fèrèsé bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ibi tí òjìji ilé gogoro mọ́sálásí ti ń kúrú sí i lórí iyanrìn.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí. Bí wọ́n bá pe ìrun ọ̀sán, ìpàdé ti parí nìyẹn. Gbogbo wọn á kírun lórí kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, wọ́n á mu ife kẹta, wọ́n á lọ sílé, Toutou á wà nílé ọkọ rẹ̀. Lọ́la, Hakem á pín kọ́kọ́rọ́. Ìyá mi á sì wà nínú iyanrìn títí yóò fi kú, á sì kú pẹ̀lú èrò pé mo po tíì fún wọn lásán.

Wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí wò. Ó ń han gooro.

Ìkòkò ti ń hó. Deddah, àbúrò rẹ̀, rò pé òun gbọ́n. Ó na ọwọ́ láti gbé ìkòkò náà kúrò lórí iná, kí ife kẹta lè tètè dé kí wọ́n sì lè jáde, ó ní, "Ó ti jinná, Tíṣà, jẹ́ kí n bá ọ gbé e." Àkísà ìdìmú wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò ronú. Mo já ìkòkò náà gbà pẹ̀lú ọwọ́ lásán.

Irin náà mú ìka mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo gbọ́ òórùn ara mi. Omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n n kò jù ú sílẹ̀. Mo dìde dúró, mo gbé ìkòkò náà lókè ife Isselmou, ẹnu rẹ̀ dojú kọ ife, n kò tẹ̀ ẹ́.

"Alhaji," mo wí, ó sì dákẹ́ ọ̀rọ̀ òpó, nítorí ohùn mi kò dà bí ohùn mi. "Ife kẹta nìyí. Ọwọ́ mi ni ẹ fi búra, ọwọ́ mi náà nìyí. Bí n kò bá dà á, ta ni yóò jáde nínú yàrá yìí láìkọ ìyàwó yín sílẹ̀?"

"Dà á," ó wí.

"Ẹ jẹ́ kí Alága pe ọ̀rọ̀ ọjà."

"Mo ní dà á, ìwọ obìnrin yìí!"

"Bí wọ́n bá pe ìrun kí a tó dìbò, màá da gbogbo rẹ̀ sínú eérú, màá lọ sílé mi, n kò sì ní po òmíràn láyé mi. Òní nìkan ni mo yẹ ọ̀rọ̀ mi, n kò ní yẹ èyí. Ẹ máa gbé ibí. Ẹ ní kí Toutou máa gbé oúnjẹ yín wá sójú fèrèsé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tíì ti ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì. Isselmou yíjú sí Baba Mahfoudh. "Baba, ẹ bá mi wá ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Mo ń ṣeré ni."

Baba Mahfoudh ka ilẹ̀kẹ̀ kan, ó ka òmíràn. "O pe orúkọ rẹ̀," ó wí. "O na ìka. O ní mẹ́ta, èyí tí kò ní àtúnṣe. Kì í ṣe eré."

"Alága," mo wí, "ẹ jọ̀ọ́." Mi ò mọ̀ bóyá mo pariwo tàbí mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́. Irora náà ti dé apá.

Dahmane wo Isselmou, ó wo ọwọ́ mi. Mo rò pé ọwọ́ mi ló ṣe é. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì sọ kíákíá bí ẹni ń sá fún ara rẹ̀: "Ọ̀rọ̀ ọjà. Ìdajì ìsọ̀ fún àwọn ará Shelkha. Àwọn tó fara mọ́ ọn, ẹ nawọ́."

Àwa mẹ́ta tó ti Shelkha wá nawọ́. Èmi na ọwọ́ òsì. Baba Mahfoudh nawọ́. Alága fúnra rẹ̀ nawọ́. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan. Àwọn tó kù ń wo ara wọn, wọ́n ń wo fèrèsé. Ojú àwọn obìnrin Shelkha kún ibẹ̀ pìtìmù. Wọ́n ń wo àwọn kánsẹ́lọ̀ náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kọ́ ojú wọn sórí. Ọkùnrin oníbàtà kan gbé ọwọ́ sókè. Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé tirẹ̀. Òmíràn tún gbé e, ó ń kùn. Deddah gbé àkísà sókè, torí òun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Isselmou ló kẹ́yìn. A kò nílò rẹ̀ mọ́, a ti borí. Ṣùgbọ́n ó rí àwọn ojú yẹn, ó rántí ìbò tó ń bọ̀, ó sì na ọwọ́ ńlá rẹ̀ pẹ̀lú agbádá tó le gbagidi.

"Ó ti wọlé," Alága wí.

Mo da tíì. N kò da ìfóòfó kankan sí i. Mo dà á yípo, ife lẹ́yìn ife, pẹ̀lú ọwọ́ kan náà, torí ìka mi kò fẹ́ ṣí mọ́. Wọ́n mu ún tán. Ìpè ìrun bẹ̀rẹ̀ sí í dún nígbà tí Isselmou gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó dúró lórí mi, ó fẹnu sún mọ́ etí mi.

"Ó dára," ó wí. "O mú mi. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ti mọ ẹni tí yóò po tíì."

Ó lọ. Ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé mi jáde. Àwọn obìnrin ń pariwo, wọ́n ń fi ìlù ahọ́n yìn mí, wọ́n ń fà mí láṣọ, mo ń la àárín wọn kọjá. Létí títì ni mo fẹ́ dé.

Ìyá mi jókòó lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Ó ń fẹ́ eṣinṣin lé lórí kúsíkúsì. Kò wojú mi.

"Màmá, ó wọlé."

"Mo ti gbọ́. Wọ́n sáré wá sọ fún mi."

"Ẹ ti gbọ́ bó ṣe jẹ́?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ ṣì ń bínú sí mi?"

"Mo ń bínú." Ó fi abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. "Nígbà tí mo rí ọ lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, mo ní kí Ọlọ́run mú ojú mi kúrò. Mú ọwọ́ rẹ wá."

Mo fi í pamọ́ sínú melahfa. Ó fà á jáde. Ó ṣí àwọn ìka náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, awọ wọn ti wú, ó ti funfun. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìka mẹ́ta kan náà ni. Ibì kan náà ni irin ti jó wa.

Mo ń sunkún, n kò sì mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

"Gbogbo ọdún tí mo fi po tíì wọn," ó wí, "wọn kò fi nǹkan kan san tèmi. Tìrẹ ti ra ìsọ̀."

Ó bu omi tútù nínú kete, ó ń dà á sí mi lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo sọ fún un ohun tí Isselmou sọ létí mi, pé wọ́n á tún gbé tíréè síwájú mi. Ó da omi náà títí kete fi gbẹ, ó ya etí melahfa rẹ̀, ó sì fi di ìka mi.

"Jẹ́ kí wọ́n gbé e síwájú rẹ," ó wí. "Má fọwọ́ kàn án. Màá wá dúró lójú fèrèsé, mi ò ní kọ ẹ̀yìn sí ọ."